Pátíkúlà Bàálù Ọ̀túnba Adétúnjí

Kí Ọ̀túnba Adétúnjí tó di Alága, èèyàn bíi tiwa ni. Ó ń kí aládùúgbò, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín inú ewé, bí òjò bá sì rọ̀ ní Kétu, ẹrẹ̀ a máa yí òun náà lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ó díje fún ipò alága káńsù, ó lulẹ̀ gbì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wá nǹkan kan fún un kó má baà bínú lọ sí ẹgbẹ́ kejì. Ohun tí wọ́n rí fún un ni Alága Àjọ Ìtọ́jú Ohun Àtijọ́. Àjọ yìí ní yàrá kan, tábìlì kan àti fáànù kan tí kì í yí. Kò ní ohun àtijọ́ kankan, àfi bí a bá ka fáànù yẹn mọ́ ọn. Ọdún 2006 ni mò ń wí yìí. Káńsù wo ni, ẹ má bi mí, ẹsẹ̀ mi ò gba ilé ẹjọ́.

Ẹ fún ẹlòmíràn nírú ipò bẹ́ẹ̀, á tilẹ̀kùn, á lọ sùn. Ọ̀túnba kọ̀. Kí oṣù kan tó pé, àwòrán rẹ̀ mẹ́rin ló wà lára ògiri yàrá kan náà, ọ̀kan sì kọjú sí èkejì kó má baà sí àyè tí èèyàn máa wò tí kò ní rí i. Ó gba Bánjí síṣẹ́. Géńdé ọkùnrin ni Bánjí, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa gbé báàgì tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lọ, kó máa wá oríkì tuntun fún un. Òun ló dá ìkíni ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ìta ni yóò ti ké pé, "Ọ̀pómúléró, ilé ò ní wó." Ọ̀túnba á dáhùn láti inú pé, "Mo gbé e ró." Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn máa tó ṣí. Ìyá kan ṣèèṣì wá síbẹ̀ nítorí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, kò mọ ìkíni, ó dúró láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago méjì kí wọ́n tó sọ fún un pé yàrá kejì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná, ká lọ sí Ìkòsì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í sọ di tirẹ̀. Ti Aunty Ajarat ni.

Aunty Ajarat ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìn lẹ́bàá títì Ìkòsì. Opó ni, ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì sì ti wà nílé ọkọ. Lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ni àtíbàbà páànù kan wà, abẹ́ àtíbàbà yẹn sì ni bàálù ogun wà. Ẹ ò ṣì mí gbọ́. Bàálù ogun ni mo pè é, ojúlówó, èyí tó fò nígbà ogun Hítílà. Imú rẹ̀ àti ẹ́ńjìn rẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí wà níbẹ̀, apá ọ̀tún náà wà níbẹ̀. Apá òsì nìkan ni irà gbé mì.

Ní 1943 ló já sínú irà lẹ́yìn Ìkòsì. Òyìnbó tó ń wà á jáde láàyè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá yọ ìbọn àti aago inú rẹ̀, wọ́n ní ìyókù kò wúlò fún àwọn mọ́. Yésúfù, bàbá Ajarat, tó ń bá wọn ṣe fítà, tó ń tún ẹ́ńjìn ṣe, ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ní òun fẹ́ ẹ. Wọ́n kọ ìwé fún un pé kó máa gbé e lọ. Òun àti àwọn apẹja fi okùn àti ọkọ̀ ojú omi fà á jáde fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí ogun parí, ikán jẹ ìwé. Ọdún kejì, ọlọ́pàá dé, wọ́n ní níbo ló ti rí bàálù ìjọba. Yésúfù ní wọ́n fún òun ni. Wọ́n ní kó mú ìwé wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà ní àtìmọ́lé, nígbà tó sì fi máa jáde, àdúgbò ti sọ ọ́ lórúkọ. Yésúfù Olè Bàálù ni wọ́n ń pè é.

Ó kú ní 1981, orúkọ yẹn kò bá a kú. Bí Ajarat bá bá èèyàn ṣe gbólóhùn asọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, "ọmọ olè bàálù" ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ àgbà fẹ́ lọ́kọ, ìdílé ọkọ kọ́kọ́ ránṣẹ́ wá wádìí bóyá àrùn fífẹ́wọ́ náà ń ràn. Bàbá Ládé, àgbà ìdílé onílẹ̀ tó ń gbé lódìkejì títì, ẹni ọgọ́rin ọdún, ló kọ́kọ́ dá orúkọ náà sílẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sì fi ọjọ́ kan yé e pè. Síbẹ̀, gbogbo Sátidé ni Ajarat ń mú àkísà àti ọ́ìlì lọ sábẹ́ àtíbàbà yẹn, tó ń nu bàálù bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Má fi omi kàn án. Má fi irin ha á. Má kun ún. Àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti bẹ̀ ẹ́ títí kó tà á fún wọn. Kò tà á, nítorí ọjọ́ tó bá tà á bí ẹni ta ẹrù olè ni òun náà gbà pé olè ni bàbá òun.

Ọdún yẹn náà ni Ẹńjìníà Richard wá ra ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Ará Mende ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títún bàálù ṣe, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa kó ẹ̀yà bàálù ogun jọ lọ. Ilé rẹ̀ kún fún aago bàálù, bẹ́líìtì bàálù, ìdérí ẹ́ńjìn. Ìyàwó rẹ̀ ti kìlọ̀ pé bí táyà kan bá tún wọ yàrá àwọn, òun á jáde fún un. Nígbà tí Ajarat mú un lọ sábẹ́ àtíbàbà, bàtà ló kọ́kọ́ bọ́.

"Aunty," ó ní, "ọ̀dà ara rẹ̀ yìí, ọ̀dà 1943 ni. Ta ló ń tọ́jú ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣeun," ló wí, ó sì tún un wí.

Richard kọ̀wé sí ilé kan ní Ìlú Ọba tí wọ́n ń kó bàálù ogun sí. Èsì dé. Wọ́n ní bàálù mẹ́ta irú rẹ̀ ló já nítòsí Èkó lọ́dún yẹn, wọ́n sì ní ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi yọ̀ǹda ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún fítà kan tó ń jẹ́ Yésúfù Súlè. Èwo nínú mẹ́ta ni? Nọ́ńbà ẹ́ńjìn nìkan ló lè sọ ìyẹn. Nọ́ńbà ọ̀hún sì wà lára ẹ́ńjìn, lábẹ́ girísì ọgọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó rí i kà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ni Richard wí. "Dókítà Kẹ́misọ́lá ń bọ̀ láti ọ̀hún, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá. Òun ló mọ òògùn tí wọ́n fi ń nù ún. Bí nọ́ńbà yẹn bá bá ìwé mu, ẹ ti gba bàbá yín sílẹ̀ nìyẹn."

Ajarat kò lè pa á mọ́ra. Ẹnì kan péré ló sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin náà mọ Ìkòsì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti dé etí Ọ̀túnba pé òyìnbó ń bọ̀ wá wo bàálù, àjọ tó ń rí sí ohun àtijọ́ kò sì mọ̀ sí i.

Ọkọ̀ akẹ́rù méjì àti kíréènì kan ló kó wá. Ó dúró níwájú àtíbàbà, Bánjí di agbòòrùn mú lórí rẹ̀, ó sì la ohùn.

"Ẹ̀yin ará Ìkòsì tí oorun ń kùn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni bàálù yìí ti wà láàárín yín, kò fò. Kí ló fà á? Àìsí aṣíwájú ni. Bí ìyá mi bá ti tètè bí mi ni, ogun Hítílà ì bá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré, sà," ni Bánjí wí.

"Ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀," ni Ọ̀túnba tún un ṣe, nítorí kò fẹ́ràn àsọdùn.

Ajarat kúnlẹ̀. "Alàgbà, wọ́n ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà kan wà lára ẹ̀ tó máa gba orúkọ bàbá mi sílẹ̀."

"Ta ni ‘wọ́n’? Èmi ni wọ́n."

"Wọ́n gan-an nìyẹn," ni Bánjí wí.

"Ní ti orúkọ bàbá yín, Madam, ẹ fọkàn balẹ̀. Orúkọ tèmi á wà lára ẹ̀. Ó ti tó."

Wọ́n gbé bàálù. Ajarat ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e, ó fi ọwọ́ di apá ọ̀tún rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé ọgbà àjọ náà ní Kétu, kó má baà máa gbọ̀n.

Ọjọ́ yẹn náà ni Bánjí pa ìkíni dà. Láti ìgbà náà lọ, "Àṣá Àgbà, sánmà tiyín ni" lẹ máa wí, Ọ̀túnba á sì dáhùn pé, "Mo ń wo ilẹ̀." Ẹni tí kò bá gbọ́ nípa àtúnṣe yìí, tó ṣì wí pé ilé ò ní wó, wọ́n á dá a padà sílé.

Wọ́n pe Rùfáì. Panẹ́ẹ̀lì bítà ni, ọ̀gá ni nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí tírélà ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, á tún un ṣe títí tó fi máa ṣeé gbé ìyàwó tuntun. Ó wo bàálù yíká, ó wo Ọ̀túnba.

"Ó ti gbó," ni Ọ̀túnba wí. "Ohun àtijọ́ kò gbọdọ̀ gbó ní agbègbè mi. Òfin kìíní nìyẹn, Bánjí, kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ọ̀gá," ni Rùfáì dá a lóhùn, "mo rò pé nǹkan àtijọ́, bó ṣe wà ni wọ́n ń fi í sílẹ̀."

"Rùfáì, bí tókunbọ̀ bá ti Kútọnu dé, ṣé bó ṣe wà lẹ ń tà á?"

"Rárá, sà. À ń tún un ṣe."

"Ṣé èyí kì í ṣe tókunbọ̀ ni?"

Rùfáì ronú. Òkè òkun ló ti wá, ẹlòmíràn ti lò ó rí, ó sì ti wọ omi. Kò rí ọ̀nà àbáyọ. "Tókunbọ̀ ni, sà."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi bọ́dì fílà dí gbogbo ihò ara bàálù, wọ́n fi páálí iyanrìn ha ọ̀dà 1943 dànù, wọ́n kun ún ní àwọ̀ ewé àti funfun, wọ́n sì ya ojú Ọ̀túnba sára apá ọ̀tún, eyín síta. Ọ̀túnba ní kí wọ́n fi fèrè sí i. Ó ní kí wọ́n fi díńgí ẹ̀gbẹ́ sí i, kí awakọ̀ lè rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ amútùtù sí i, Rùfáì ṣàlàyé pé bàálù yìí kò ní òrùlé. Ọ̀túnba ní ìyẹn ò kan òun.

Níbi tí Rùfáì ti ń fi pẹtiróòlù fọ ẹ́ńjìn lọ́jọ́ kan ni nọ́ńbà náà ti yọ, ó mọ́ kedere, ó jinlẹ̀ nínú irin. Bánjí ló kọ́kọ́ rí i, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀. Ojú Ọ̀túnba fà ro.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ra ẹ́ńjìn rí ní Èkó yìí mọ ohun tó ṣe é. Ẹ́ńjìn tó bá ní nọ́ńbà, ó ṣeé ṣe kó ní ẹni tó ń wá a. Ọ̀túnba ti sọ ẹ́ńjìn méjì nù sọ́wọ́ ọlọ́pàá lọ́nà bẹ́ẹ̀ rí, méjèèjì ló fowó ara rẹ̀ rà.

"Òyìnbó ń bọ̀ wá wo bàálù," ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ogun dé bá. "Kí lẹ rò pé ó ń bọ̀ wá wò? Nọ́ńbà yìí ni. Bó bá ti rí i báyìí, á ní tiwa ni, á so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, á lọ. Ẹ fá a."

"Sà," ni Rùfáì wí, "iṣẹ́ wa ní ìlànà. A kì í fá nọ́ńbà láìjẹ́ pé a tírésì ẹ̀ ná. Bí wàhálà bá dé, ìwé là ń kó jáde."

Ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan, ó tẹ́ ẹ lé nọ́ńbà lórí, ó fi pẹ́ńsùlù ra á, nọ́ńbà náà sì hàn lórí ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú Ọ̀túnba dùn. Ó rán Bánjí sí ọkùnrin kan tó ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn lọ́nà Mile 12, tí kò sí ìwé tí kò lè ṣe. Kí ọjọ́ tó kanrí, pátíkúlà ti dé. Irú ọkọ̀: bàálù. Iye ilẹ̀kùn: òdo. Ẹni tó ni ín: Ọ̀túnba Dókítà Adétúnjí, Jẹ́ Pí. Wọ́n lẹ ìwé tírésì mọ́ ọn níwájú, wọ́n sì fi ìnṣọ́ránsì ọdún kan kún un. Bí Ọ̀túnba ṣe rò ó nìyí: bí nọ́ńbà bá kúrò lára ẹ́ńjìn, tó sì wà nínú àpò òun nìkan, òyìnbó kan kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti rò ó dáadáa.

Ó ní òun fúnra òun ni yóò fi fáìlì fá a, nítorí iṣẹ́ ìtàn ni.

Oníbàárà kan ló kọjá ní Ìkòsì tó sọ fún Ajarat pé nọ́ńbà ti yọ lára ẹ́ńjìn. Kò ti ṣọ́ọ̀bù. Ó gun ọ̀kadà dé Kétu, ó bá Bánjí lẹ́nu géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí nọ́ńbà yẹn. Kí n kàn kọ ọ́ sọ́wọ́ ni."

"Ẹ kí wọn, Mummy, kẹ́ ẹ wọlé." Bánjí sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ìkíni náà.

"Èmi? Kí n máa kí ẹni tó gbé ẹrù bàbá mi lọ?"

"Ìkíni ò gbówó lọ́wọ́ yín."

Ó kọ̀. Láti ẹ̀yìn géètì ló ti ń gbọ́ ọ, irin ń ha irin, díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, nítorí Ọ̀túnba kì í ṣe ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ajarat fi ara da á fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè fara dà á mọ́. Ó la ẹnu, ó ké.

"Àṣá Àgbà, sánmà tiyín ni."

"Mo ń wo ilẹ̀," ni èsì tó wá láti inú.

Nígbà tó fi máa dé ìdí ẹ́ńjìn, ibẹ̀ ti ń dán. Ó fi ìka wá nọ́ńbà náà títí, kò kan nǹkan kan. Ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku ọ̀dà. Inú rẹ̀ bà jẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ lọ, nítorí lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ní nǹkan tó ń tọ́jú fún un. Ó sì bínú sí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni wọ́n ní kó wí, ó fi ìgbéraga pa wọ́n mọ́ sẹ́nu.

Rùfáì wá bá a, kò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Mummy. A tírésì ẹ̀ ká tó fá a. Ọ̀gá ló mú ìwé ẹ̀ sápò."

Ajarat bẹ Ọ̀túnba ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé kí ó jẹ́ kí òun wo pátíkúlà yẹn. Ọ̀túnba ní ìwé ìjọba ni, kì í ṣe ìwòran. Richard náà lọ, wọ́n fi í sí ìta fún wákàtí márùn-ún, òun náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó bẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn ni Ajarat wá sọ fún ara rẹ̀ pé, ìwọ Ajarat, o ń fi ẹ̀bẹ̀ kan ilẹ̀kùn tí ìyìn ń ṣí. Ẹ̀rín pa á díẹ̀. Kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá pé. Wọ́n na kánópì mẹ́fà, káńsù rán Ọ̀gbẹ́ni Débọ́lá wá ṣojú alága, gbogbo Ìkòsì kọjá sí Kétu, Bàbá Ládé náà sì fi ọ̀pá tẹ̀ wá. Aṣọ funfun ńlá kan ni wọ́n fi bo bàálù. Nígbà tí wọ́n ká a, Ọ̀túnba ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ó jókòó sí àyè awakọ̀ pẹ̀lú agbádá aṣọ òkè, awò ojú ńlá àwọn awakọ̀ bàálù sì wà lórí fìlà rẹ̀. Àyè yẹn, ọmọ òyìnbó ọlọ́dún méjìlélógún tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Èèyàn mẹ́rin ló ti Ọ̀túnba wọ inú rẹ̀ láàárọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí béèrè bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́.

Richard dé pẹ̀lú obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò, tó gbé fáìlì dání. Bánjí fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Madam, ẹ yà fún wa, à ń retí òyìnbó tó ń bọ̀ láti Ìlú Ọba."

"Èmi ni mo ti Ìlú Ọba wá," ni Dókítà Kẹ́misọ́lá wí. "Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí."

Bánjí wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òyìnbó á yọ. Ọ̀túnba ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Nígbà tí ayé ṣú," ó ń wí láti inú bàálù, "ta ló tan iná? Nígbà tí irin gbó, ta ló sọ ọ́ di ọ̀dọ́? Mo wo sánmà, mo ní ìwọ sánmà, o ti pẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn."

Dókítà Kẹ́misọ́lá ti yí bàálù po lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀dà, ó fi ọwọ́ kan bọ́dì fílà, ó wo ojú Ọ̀túnba lára apá ọ̀tún, ó wo ojú Ọ̀túnba gan-an.

"Ta ló kùn ún?"

"Èmi ni. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

"Nọ́ńbà ẹ́ńjìn dà?"

"Kò ní nọ́ńbà," ni Ọ̀túnba wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti pa ẹjọ́ rẹ́.

Dókítà Kẹ́misọ́lá pa fáìlì rẹ̀ dé. "Bí kò bá sí nọ́ńbà, a ò lè mọ èwo ni nínú mẹ́ta. Ẹ má bínú, Ẹńjìníà. Kò sí ohun tí mo lè fọwọ́ sí níbí." Richard wá àga, ó jókòó. Lábẹ́ kánópì, Bàbá Ládé sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun ti mọ̀ pé ẹrù olè kì í ní ìwé.

Ajarat gbọ́ ọ. Ó dìde, ó ṣe gèlè rẹ̀ dáadáa, ó rìn dé iwájú bàálù, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

"Àṣá Àgbà, sánmà tiyín ni."

Ara Ọ̀túnba ya gágá. "Mo ń wo ilẹ̀."

"Àṣá tí í fò tí ẹyẹ kéékèèké ń wá ibi sá sí. Inú ń bí mi, sà. Wọ́n ń sọ lábẹ́ kánópì pé bàálù yín ò ní pátíkúlà. Wọ́n ní irú èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀ ń gun ọkọ̀ tí kò níwèé. Mo ní irọ́ ni. Mo ní Ọ̀túnba ò lè gun nǹkan tí kò ní nọ́ńbà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ọ̀túnba ti ń wá inú agbádá. "Bánjí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kí gbogbo ayé gbọ́." Ó fa ìwé jáde, ó nà án sókè, ó sì kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti orí dé ìsàlẹ̀, àwọ̀, iye ilẹ̀kùn, ìnṣọ́ránsì. Ó dé orí nọ́ńbà. "Wáànù, sẹ́fìnnì, fọ́ọ̀, síírò, túù, náìnì. Tèmi ni. Mo fá a lára ẹ́ńjìn kí olè má baà rí i kà."

Dókítà Kẹ́misọ́lá ti tún fáìlì ṣí. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé nọ́ńbà náà bí Ọ̀túnba ṣe ń pè é. Ó gba ìwé tírésì, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìwé tirẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe Richard, ó sì fún un ní ìwé kan kó kà á ní Yorùbá.

Richard kà á. "Mo fi bàálù tó já yìí, èyí tí ẹ́ńjìn rẹ̀ jẹ́ 174029, sílẹ̀ fún Yésúfù Súlè, fítà wa, ẹni tó bá wa ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu lórí rẹ̀."



"Ìyẹn ni pé tèmi ni," ni Ọ̀túnba wí.

"Rárá, sà. Ti Yésúfù ni, ẹ̀yin lẹ sì fi nọ́ńbà hàn wá." Dókítà Kẹ́misọ́lá wo ibi tó ń dán lára ẹ́ńjìn. "Ta ló fá èyí?"

"Ọ̀túnba fúnra wọn," ni Bánjí dáhùn, àyà rẹ̀ wú. "Ọwọ́ wọn gan-an. A ní fídíò ẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Débọ́lá dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì kéde lórúkọ káńsù pé Àjọ Ìtọ́jú Ohun Àtijọ́ kò ní alága mọ́ láti ìṣẹ́jú yìí lọ. Ọ̀túnba ní òun á dáhùn, òun á dáhùn gan-an, ẹ jẹ́ kí òun jáde ná. Kò lè jáde. Apá agbádá rẹ̀ ti wé mọ́ wáyà, ikùn rẹ̀ sì ti há sí ojú ibi tí Rùfáì fi bọ́dì fílà dí. Rùfáì mú ayùn wá.

"Ẹ ò gbọdọ̀ gé bàálù," ni Dókítà Kẹ́misọ́lá wí. "Ohun ìtọ́jú ni. Ẹ gé aṣọ."

Wọ́n gé agbádá. Kò jáde. Wọ́n gé bùbá. Orí rẹ̀ àti apá rẹ̀ kan yọ. Wọ́n fà á, fèrè tó ní kí wọ́n fi sí i ń dún lábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á, títí ó fi bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, awò awakọ̀ bàálù ṣì wà lórí rẹ̀. Ó wá Bánjí kó bá òun di agbòòrùn mú. Bánjí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Débọ́lá, ó ń bi í léèrè irú oríkì tó fẹ́ràn. Ọ̀túnba fẹsẹ̀ rìn lọ sílé gba títì Kétu, èrò rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e dé ìdí afárá.

Ajarat kò tẹ̀ lé wọn. Ó mú Richard lọ́wọ́, wọ́n jọ lọ sábẹ́ kánópì níbi tí Bàbá Ládé jókòó sí.

"Uncle, ẹ bá mi tún un kà. Etí wọn ti ń wúwo."

Richard bẹ̀rẹ̀, ó kà á sí bàbá àgbàlagbà náà létí, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ládé fi ọ̀pá ha ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣí fìlà lórí.

"Yésúfù Fítà ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kí èmi tó..."

Omi ń bọ́ lójú Ajarat, kò sì nù ún.

"Ẹ tún un kà," ó wí fún Richard.